Àgbo Kì Í Ṣe Ọtí

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí ìbínú mi títí di òní, kí ó sọ létí mi pé àgbo kì í ṣe ọtí. N kò ní í bá a jà, mo ti dàgbà kọjá ìyẹn. Ṣùgbọ́n n ó bi í bóyá ó ti jókòó sí iwájú Píjò 504 rí, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin kan tí kò fi ẹnu kan bíà láyé rẹ̀, tó ń kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì, tó sì ń sáré kọjá lára tírélà lórí òkè tí kò ti lè rí ohun tó ń bọ̀ níwájú. Èmi ti jókòó síbẹ̀ rí, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ọkọ mi ni ọkùnrin náà.

Nǹkan bí ọdún 1988 sí 1989 ni mò ń sọ. Ilé ọkọ mi wà ní Ọ̀yọ́, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo ti ń ṣe tíṣà sì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò jìnnà sí Tákíé. Àárọ̀ Mọ́ńdè ni mò ń lọ, ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè ni mò ń bọ̀. Yàrá kan ṣoṣo ni mo gbà sí Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì sí ẹni tí yóò bá mi tọ́jú ọmọ bí mo bá wà ní kíláàsì. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìbejì mi fi ń gbé lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi ní Ọ̀yọ́, obìnrin kan, ọkùnrin kan, wọ́n sì ti ń sún mọ́ ọdún tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Ilé ẹ̀kọ́ tèmi ni mo fẹ́ kí wọ́n wá. Èyí túmọ̀ sí pé wọn yóò máa wọ ọkọ̀ bàbá wọn lọ ní Mọ́ńdè, wọn yóò sì máa wọ̀ ọ́ bọ̀ ní Fúráìdè. Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn gbádùn ní gbogbo ọdún náà nìyẹn.

Ọkọ mi kì í mutí. N kò fi ṣe ẹ̀sín. Aládùúrà pọ́ńbélé ni, ẹni tó ń wọ sùtánà funfun, tó ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Sọ́ńdè. Bí èrò kan bá gbé ìgò bíà wọ ọkọ̀ rẹ̀, kò ní í gbéra títí onítọ̀hún yóò fi gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ó máa ń wàásù fún àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní gáréèjì Ọwọ́dé ní Ọ̀yọ́ pé ọtí ni yóò pa wọ́n. Bó bá wàásù tán, yóò kọjá sí ẹnu ọ̀nà gáréèjì níbi tí ìyá rẹ̀ pàtẹ sí, yóò gba ife àgbo kan, yóò dà á sọ́nà ọ̀fun, yóò gbọn orí pẹ̀ẹ́pẹ̀ẹ́, yóò wá wọ ọkọ̀.

Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ni ìyá ọkọ mi ń tà. Gbogbo awakọ̀ ló gbà pé ẹni tó bá jókòó sórí àga gbígbóná láti àárọ̀ dalẹ́, jẹ̀díjẹ̀dí kò ní í ṣàì mú un. Nítorí náà, bí ọkọ̀ bá ti ń kún lọ, tó sì kan awakọ̀ láti gbéra, ó gbọ́dọ̀ mu ife kan. Ẹni tí kò bá mu ún, wọn yóò máa wò ó bí ẹni tó fẹ́ fi ìdí ara rẹ̀ tọrẹ. Egbò àti èèpo igi ni ìyá ọkọ mi ń kó sínú ìkòkò náà, ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n omi kọ́ ni wọ́n ń dà lé e. Ògógóró ni. Wọ́n ní àgbo olómi kì í pẹ́ kan, àwọn awakọ̀ sì ní kì í wọra. Bí mo bá wà nílé, èmi náà ni mò ń bá wọn gbé kéègì ògógóró wọlé, òórùn rẹ̀ a sì máa mú kí ojú mi ṣomi. Àgbo àwọn ìbejì wà lọ́tọ̀, nínú ìkòkò kékeré kan lẹ́yìn àdògán. Omi ni wọ́n fi ń se ìyẹn. Mo rò pé nítorí pé àwọn ọmọ kò fẹ́ kíkorò ni.

Ife kan kì í sì í dúró ní ife kan. Ọ̀kan kó tó gbéra, ọ̀kan bó bá padà dé, nítorí pé ìrìn tuntun tún ni. Bí òjò bá rọ̀, ọ̀kan nítorí òtútù. Mo mọ ìgbà tó bá ti di méjì, nítorí pé yóò bẹ̀rẹ̀ orin. Bó bá di mẹ́ta, yóò máa pàtẹ́wọ́ sí orin náà. Ọwọ́ méjèèjì o, lórí eré.

"Bàbá Ìbejì, ẹ dákun, ẹ di sítíárì mú."

"Jésù ló dì í mú."

"Ẹ bá a dì í mú."

Àwọn èrò ẹ̀yìn yóò bú sẹ́rìn-ín. Mo kórìíra ẹ̀rín yẹn. Ọkọ mi náà yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì yí ojú kúrò lọ́nà pátápátá kó lè wò mí dáadáa.

"Ìwọ obìnrin yìí, ìgbà wo lo rí mi tí mo mutí?"

Kí ni mo fẹ́ sọ? Bí mo bá ní àgbo yẹn ni, ìyá rẹ̀ ni mo bú. Ìyàwó wo ló máa dúró láàrin èrò ọkọ̀ kó sọ pé ọtí ni ìyá ọkọ òun ń tà, ìyá tó jẹ́ ìyá ìjọ, tí wọ́n ń fún ní àga níwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì? N ó kàn fi ẹsẹ̀ mi tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ bí ẹni pé abẹ́ ẹsẹ̀ mi ni bíréèkì wà.

Ọmọkùnrin awakọ̀ kan ló sọ ọ̀rọ̀ di ti gbogbo gáréèjì. Ó mu bíà ní Tákíé, ó wa ọkọ̀ wọ igbó nítòsí Odò Ọbà. Ẹnikẹ́ni kò kú, ṣùgbọ́n apá obìnrin kan ṣẹ́, iṣu sì fọ́n káàkiri ojú ọ̀nà. Ni alága gáréèjì bá pe ìpàdé ní Sátidé kan. Ó tún ránṣẹ́ pe ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kó jáde nígbà náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ilà áyọ́ọ̀nù ṣì mú lára ṣòkòtò rẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Mò ń bá ìyá ọkọ mi fọ ife.

Òfin gáréèjì tẹ́lẹ̀ ni pé awakọ̀ kò gbọdọ̀ mu ju ìgò bíà méjì lọ kó tó wakọ̀. Ohun tí wọ́n pe ìpàdé lé lórí ni bóyá kí wọ́n dín in kù. Alága, tí ó jẹ́ Àlàájì, ní kí ọmọ ìjọba kọ́kọ́ sọ ohun tí òfin sọ.

"Òfin ní ìwọ̀n kan wà tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ awakọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá," ọmọ náà dáhùn.

"Ìgò mélòó nìyẹn?" awakọ̀ kan bi í.

"Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ìgò. Inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n."

"Ta ló ń wọ̀n ọ́n? Ṣé ẹ máa dúró lójú títì kẹ́ ẹ máa gún wa lábẹ́rẹ́ ni?"

"Ẹ̀rọ kan ló wà fún un. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa."

Ariwo sọ. Ọ̀kan ní kí wọ́n fi sí ìgò kan. Òmíràn, tí ikùn rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé ìpàdé, ní ìgò kan kò lè dé orúnkún òun, pé kí wọ́n máa fi ìtóbi ara kálukú wọ̀n ọ́n. Ẹ̀kẹta ní bí èèyàn bá ti jẹ iyán sílẹ̀, iyán yóò fa bíà mu, kò ní í dé orí. Wọ́n jiyàn lórí iyán yìí títí oòrùn fi dé àtàrí, mo sì ń fọ ife, inú ń bí mi.

Ìgbà náà ni ọkọ mi dìde. Ó ti mu ife méjì láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìṣojú mi ni wọ́n ti bù ú fún un.

"Ẹ̀yin ará," ó ké, "kí la ń dín kù sí? Ẹ̀ṣẹ̀ kì í kéré. Ẹyọ kan kò gbọdọ̀ sí! Awakọ̀ tó bá ti fẹnu kan ọtí láàárọ̀, kó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Alága ní Aládùúrà sọ̀rọ̀ bí Mùsùlùmí. Ó ní ó di òfin: awakọ̀ gáréèjì Ọwọ́dé kò gbọdọ̀ mu ọtí kankan rárá kó tó wakọ̀, ẹni tí wọ́n bá mú, kò ní í gbé èrò fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọmọ ìjọba náà ní òfin tiwọn dára ju ti ìjọba lọ. Mo dìde pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́. N kò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu mi.

"Àgbo ńkọ́?"

Gbogbo gáréèjì yíjú sí mi. Ìyá ọkọ mi kò wo ojú mi, ife tí wọ́n ń nù ni wọ́n ń wò.

"Ìyàwó wa," alága sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀, "àgbo kì í ṣe ọtí. Oògùn ni. Èmi tí mo ti lọ sí Mẹ́kà, mò ń mu ún."

Ọmọ ìjọba yíjú sí ìyá ọkọ mi. "Màmá, ẹ kú ọjà. Kí lẹ fi ń ṣe é?"

"Egbò ni, ọkọ mi, àti èèpo igi. Fún ìdí ni."

"Kí lẹ wá ń dà lé e?"

"Omi rẹ̀ ni."

Omi rẹ̀! Àwọn ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi di ara wọn mú. Ìyá ọkọ mi ní ọmọ náà ti dúró pẹ́ nínú oòrùn, wọ́n bu ife kékeré kan fún un. Ó mu ún. Ojú rẹ̀ là, ó tún pa á dé, ó húkọ́.

"Oògùn ni lóòótọ́," ó ní.

Bí ìpàdé ṣe tú ká nìyẹn. Kí ẹ sì wá wo iṣẹ́ tí òfin tuntun ṣe. Àwọn tó ń mu ìgò bíà méjì tẹ́lẹ̀ kò lè mu bíà mọ́, gbogbo wọn wá rántí pé jẹ̀díjẹ̀dí ń da àwọn láàmú. Kí oṣù náà tó parí, ìyá ọkọ mi ti gbé ìkòkò kejì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Wọ́n dín ọtí kù títí ó fi tán lẹ́nu òfin, ó wá pọ̀ sí i nínú ọkọ̀. Bí mo bá sọ ọ́ báyìí, àwọn èèyàn á máa rẹ́rìn-ín. Ní tèmi, ó ṣì ń dùn mí.

Nílé, ọkọ mi ní mo dójú ti ìyá òun láàrin ọjà. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní n kò ní kó má mu ún mọ́, kó ṣáà fi di alẹ́ tó bá ti gbé ọkọ̀ sílẹ̀.

"Ṣé alẹ́ ni mò ń jókòó nínú ọkọ̀ ni?" ó bi mí. "Àárọ̀ ni jẹ̀díjẹ̀dí ń ṣiṣẹ́."

Ìyá ọkọ mi kò bínú, ìyẹn gan-an ló tún ká mi lára jù. Wọ́n pè mí sínú ilé ìdáná, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ohun tí mo fi tọ́ ọkọ rẹ nìyẹn. Má bà á jẹ́ mọ́ mi lẹ́nu àwọn èèyàn." Mo ní ẹ má bínú, Màmá. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá wòlíì ìjọ wa. Wòlíì gbọ́ mi dópin, ó mi kanlẹ̀, ó ní àgbo Màmá dára, pé ìbàdí ń dun òun, kí n bá òun gba ìgò kan bọ̀. Mo rìn jáde láì tilẹ̀ gba àdúrà.

Láti ìgbà náà, n kò wọ ọkọ̀ ọkọ mi mọ́. Bàbá Mùsùlùmí arúgbó kan wà tó ń wa Dátsun. Ọkọ̀ òkú ni àwọn awakọ̀ yòókù ń pè é, nítorí pé kì í sáré, kì í sì í kọjá ọkọ̀ kankan lójú ọ̀nà. Kókó gbígbóná ló ń mu láàárọ̀. Kì í ṣe pé ó mọ́ ju ẹlòmíràn lọ. Ó sọ fún mi fúnra rẹ̀ pé inú òun ni kò gba àgbo, pé ó máa ń lé òun wọ igbó. Ìgbẹ́ gbuuru bàbá yìí ni ààbò tí mo rí lójú ọ̀nà náà.

Ojú ti ọkọ mi. Ìyàwó awakọ̀ ń wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn! Àwọn mọ̀lẹ́bí pè mí jókòó, wọ́n bá mi wí. Mo ní mo ti gbọ́. Mo ní ṣùgbọ́n àwọn ìbejì mi náà kò ní í wọ̀ ọ́.

"Ọmọ tèmi ni wọ́n," ọkọ mi sọ ọ́ lójú gbogbo wọn. "Ọkọ̀ tèmi ni wọ́n máa wọ̀ lọ sílé ìwé. Bí o bá tó bẹ́ẹ̀, dènà."

N kò mọ bí mo ṣe fẹ́ dènà. Sátidé tó ṣáájú ìwọlé ni wọ́n dá. Èmi ti lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti Ọjọ́bọ̀ láti tún yàrá ṣe. Ìyá ọkọ mi ni yóò kó àwọn ọmọ àti ẹrù wọn wá nínú ọkọ̀ bàbá wọn, wọn yóò sùn tì mí di Sọ́ńdè. Láti òwúrọ̀ ni mo ti dúró ní gáréèjì Tákíé. Inú ń bí mi sí ọkọ mi, sí alága, sí ọmọ ìjọba, sí wòlíì, sí ara mi. Mò ń gbàdúrà, mo tún ń ṣépè, n kò mọ èyí tó gòkè nínú méjèèjì.

Mo gbọ́ orin rẹ̀ kí n tó rí ọkọ̀ náà. Ó wọlé pẹ̀lú eruku, àwọn èrò ń sọ̀ kalẹ̀, mò ń ka orí wọn. Àwọn ọmọ mi kò sí níbẹ̀. Ìyá ọkọ mi kò sí níbẹ̀. Àga iwájú ṣófo.

"Àwọn ọmọ dà?"

"Lọ bi ìyá mi!" Ó ti bínú kó tó dé. "Wọ́n ti jókòó tán, ẹrù ti wà nínú búùtù, wọ́n ní kí n já àwọn sílẹ̀. Wọ́n ní ọkọ̀ mi ti kún. Ṣé o rí àga tó kún níbẹ̀?"

Ó lọ to ọkọ̀ rẹ̀ fún ìrìn àpadàbọ̀. Ó kàn án kíákíá, nítorí pé Ọ̀yọ́ ní ọjà lọ́jọ́ náà, èrò sì pọ̀. Wọ́n ti ń jókòó sínú Píjò náà nígbà tí Dátsun bàbá arúgbó rọra wọlé. Ìyá ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìbejì lọ́wọ́ ọ̀tún, ìbejì lọ́wọ́ òsì, àpò aṣọ lórí. Mo di àwọn ọmọ náà mú títí wọ́n fi pariwo.

Ọkọ mi wá bá wa. "Màmá, ẹ sọ ọ́ lójú rẹ̀. Kí ni mo ṣe fún yín tẹ́ ẹ fi dójú tì mí ní gáréèjì?"

Ìyá ọkọ mi wo ọwọ́ ara wọn.

"Ife mẹ́ta lo gbà lọ́wọ́ mi láàárọ̀ yìí," wọ́n ní. "Èmi ni mo bù ú."

Ó dúró. Mo rò pé ó ń retí kí wọ́n ní omi rẹ̀ ni, ohun tí wọ́n sọ fún ọmọ ìjọba, tí gbogbo gáréèjì fi rẹ́rìn-ín. Wọn kò sọ ọ́. Ọdún kan gbáko ni mo fi ń wá ìjẹ́wọ́ lẹ́nu wọn, nígbà tí mo wá rí i, inú mi kò dùn rárá. Mo wo Píjò náà. Obìnrin kan gbé ọmọ ọwọ́ sẹ́sẹ̀ lórí àga iwájú, ó ń fi ìbòrí rẹ̀ fẹ́ ẹ.

"Màmá," mo ní, "àwọn tó ti jókòó sínú ọkọ̀ yìí ńkọ́?"

"Bá mi sọ ẹrù yìí kalẹ̀," wọ́n ní. "Ọrùn ń dùn mí."

Ọkọ mi ló dáhùn. Ó rìn lọ sídìí ọkọ̀, ó ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n wọ ọkọ̀ tó kàn lẹ́yìn tòun. Wọ́n bú u dáadáa, obìnrin ọlọ́mọ náà ló tilẹ̀ bú u jù. Ó jókòó sórí òkúta kan títí ìrọ̀lẹ́, kò kọrin.

Kò mu àgbo mọ́ láàárọ̀. Bí ó tilẹ̀ fẹ́ mu ún, kò ní í rí i gbà, nítorí pé láti Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, bí ìyá ọkọ mi bá ti rí i tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, wọn yóò fi ọmọrí bo ìkòkò méjèèjì. Bó bá ti kọjá, wọn yóò ṣí i, wọn yóò máa bù ú fún àwọn yòókù. Àgbo náà ti di ọtí, ṣùgbọ́n fún ọmọ tiwọn nìkan. Mo máa ń kí wọn bí mo bá ń mú àwọn ìbejì kọjá lọ wọ ọkọ̀, "Màmá, ẹ kú ọjà o," wọn yóò sì dáhùn tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ife ọmọ ọlọ́mọ lọ́wọ́ wọn.